Agbọ̀n Tó Gba Omi

Ọjọ́ tí obìnrin ará Japan kan da omi sínú agbọ̀n ní pálọ̀ wa ní Landover, ní Amẹ́ríkà, n kò lè gbàgbé rẹ̀ láyé mi.

Aládùúgbò wa ni, ó sì ti gbọ́ pé Màmá mi ló ń to òdòdó sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ló bá gbé agbọ̀n ọparun kan wá ta á lọ́rẹ. Èéfín ti sọ agbọ̀n náà di dúdú. Màmá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú bípà tí wọ́n fi ń pè é níbi iṣẹ́ níbàdí, rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "Thank you o." Ó wá yíjú sí mi: "Ojúbọ wo ni wọ́n ti gbé eléyìí? Má fọwọ́ kàn án!"

Obìnrin náà bu omi, ó dà á sínú agbọ̀n. Mo tẹjú mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. Omi ò kán sílẹ̀ rárá.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Màmá fà mí sẹ́yìn. Ta ló fi agbọ̀n pọn omi rí tó délé?

Obìnrin náà bá yọ ọparun gígé kan tó dà bí kọ́ọ̀pù jáde látinú agbọ̀n; inú rẹ̀ ni omi wà. Màmá yẹ̀ ẹ́ wò tinú tòde, ó tún gbóòórùn rẹ̀, kó tó dúpẹ́.

Ní Sọ́ńdè, àwọn ìyá ìjọ pagbo yí agbọ̀n náà ká. Màmá rọra da omi sí i. Gbogbo wọn fò sẹ́yìn. Mo lanu láti ṣàlàyé, Màmá tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀.