Ejò Tí Ṣadé Yà Sórí Yanrìn

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ṣadé, ọmọ mi, kọ orúkọ rẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́, ojú ìyá mi ló sì ṣe é. Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ náà láé.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, níparí táàmù, nílé ìwé wọn ní Mowe. Ọ̀gá ilé ìwé ti sọ pé bí kò bá lè kọ orúkọ rẹ̀, kò ní wọ kíláàsì kìíní. Nílé, ìyá mi máa ń já pẹ́ńsù gbà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ni: "Ṣé òsì là ń nà sí àgbà ni?" Ọmọ náà bá ń sá fún pẹ́ńsù pátápátá.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n pe àwa òbí wá wòran, ìyá mi sì bá mi lọ. Àǹtí Bọ́lá, olùkọ́ rẹ̀, bu omi wọ́n yanrìn tí àwọn bíríkìlà kó sí ọgbà ilé ìwé.

"Ta ló lè ya ejò?"

"Èmi! Èmi!"

Ìka òsì ni Ṣadé fi ya S.

"Ejò yìí ti yé o! Ẹyin ẹ̀ dà?"

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó tẹ ẹyin sábẹ́ ejò, ó sì kọ lẹ́tà tó kù tẹ̀ lé e.

Ìyá mi dìde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì wo yanrìn náà títí.

"Olùkọ́, ṣé orúkọ tí mo sọ ọmọ yìí nìyí?"

"Òun ni, Mà."

"Ó dáa. Kó máa fòsì kọ̀wé. Ọ̀tún ni kó máa fi gba ẹran lọ́wọ́ mi."

Ọ̀gá ilé ìwé ní Ṣadé yóò wọ kíláàsì kìíní. Láti táàmù tó ń bọ̀, orí yanrìn ni gbogbo ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi yóò ti kọ́kọ́ fi eré kọ́ lẹ́tà, ọwọ́ tó bá sì wù wọ́n ni wọn yóò lò.