Ìgbálẹ̀ Bàbá Gbọ̀ngàn

Ọdún mọ́kànlélógún ni bàbá mi fi ṣọ́ gbọ̀ngàn kan ní yunifásítì. Ó ń gbálẹ̀, ó ń to àga, ó ń tan ẹ̀rọ tó máa ń gbé ìwé sára ògiri. Ìwé mẹ́fà ló kà. Èmi náà ò kà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ jórinjórin ni mò ń ṣe.

Inú gbọ̀ngàn yẹn ni àwọn tó ń gba oyè kejì ti máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí wọn níwájú àwọn àgbà olùkọ́. Wọ́n ń sanwó fún ọ̀gá kan kó máa kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe sọ ọ́. Ojú-Ògiri ni bàbá mi ń pè é. Ṣe ló máa ń kẹ̀yìn sí wọn, á máa ka ohun tó wà lára ògiri, bí ẹni pé afọ́jú ló jókòó síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sùn.

Tó bá ti jáde, wọ́n á sá tọ bàbá mi wá.

"Bàbá Gbọ̀ngàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi."

Bàbá á pa ẹ̀rọ. "Ògiri ti kú. Sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá ná. Kí lò ń wá kiri láti ọdún méjì?"

Ẹni tó bá sọ ọ́ yé e ló ń jẹ́ kó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Bàbá á lọ jókòó sórí àga tó kẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ onígi gígùn tó fowó ara rẹ̀ rà. Tí ohùn ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ bá ń sáré, á na ìgbálẹ̀ sókè.

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni?"

"N ò gbọ́ ọ tó yín. Àmọ́ mo mọ ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀, mo mọ ẹni tó ń sá fún mi."

Ọmọkùnrin kan tí bàbá mi ń pè ní Sáré-Sọ ló burú jù nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá a padà. Tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, oyè ti bọ́ nìyẹn. Oṣù méjì ni bàbá mi fi jókòó tì í, tòun ti ikọ́.

"Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n, ìwọ ọmọ yìí. Mí! Ta ló ń lé ẹ?"

Mo ní kí bàbá mi wá sinmi. Ó ní, "Tó bá yege, màá sinmi."

Ó kú lọ́jọ́ Ajé. A sin ín lọ́jọ́rú. A lẹ ìwé ìkéde ikú rẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́bàá ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó yọjú. Àwọn tó mọ ògiri kà o.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ dá kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn padà. Sáré-Sọ ni mo bá níwájú àwọn àgbà olùkọ́ márùn-ún. Ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń ka ògiri wàràwàrà. Ọ̀kan nínú wọn ti ń wo aago. Ojú-Ògiri ń mi orí bí alángbá.

Mo jókòó sórí àga bàbá mi, níbi tí ìgbálẹ̀ rẹ̀ ṣì fara ti ògiri. Mo ní kí n wò ó títí táá fi ṣubú. Ì bá dùn mọ́ mi.

Ló bá bojú wẹ̀yìn, ó ń wo ọ̀ọ́kán àga yẹn. Gbogbo ikọ́ oṣù méjì yẹn ló dúró níwájú mi. Mo na ìgbálẹ̀ sókè.

Ó dákẹ́. Ó kọjú sí wa. Ó pa ẹ̀rọ, ó wá tún un bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. N ò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ nínú ẹ̀, àmọ́ ohùn dé ọ̀dọ̀ mi. Mo sọ ìgbálẹ̀ kalẹ̀.

Ó yege. Ojú-Ògiri bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ṣé o rí ohun tí mo kọ́ ẹ?"

"Mo rí i, sà. Ẹ ṣé gan-an, sà."

Nígbà tó ń jáde, ó dúró lọ́dọ̀ mi, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ò wá lónìí ni?"

Mo fi igi ìgbálẹ̀ tọ́ka sí ìwé tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Lọ kà á lára ògiri."

Mo dá kọ́kọ́rọ́ wọn padà fún wọn. Mo gbé ìgbálẹ̀ bàbá mi lọ sílé.