Ìkéde Òkú Donka Oní-Lefa-Márùn-ún

Ọdún mọ́kànlá ni Donka Mineva fi fọ àtẹ̀gùn wa kó tó di pé a pa á. Lórí bébà ni o. Ṣùgbọ́n a pa á.

Ilé alájà mẹ́fà, ìloro mẹ́ta, fúláàtì méjìdínlógún nínú ìloro kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè. Ìloro Kejì ni tiwa. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ẹtì, á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì gòkè, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, ọ̀kan fún omi tí yóò fi ṣan án. Òkè pátápátá ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Á máa fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ bọ̀, ní ìtẹríba, bí ẹni tó ń kí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fẹ́ kọjá, á fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. A kì í dúró. Ipa ẹsẹ̀ wa á hàn lórí ilẹ̀ tútù, Donka á padà gòkè lọ nù ún.

Ṣáájú ìgbà náà, ilé iṣẹ́ aṣọ. Ogún ọdún nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ. Nígbà tí wọ́n tì í pa, wọ́n ta àwọn ẹ̀rọ náà bí àlòkù irin, wọ́n sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìwé ìdúpẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kò sí. Yàrá kan ló ń gbé lódìkejì odò Yantra, yàrá tí ààrò irin kan ń mú gbóná bí igi bá wà, tí kì í gbóná bí igi kò bá sí.

Gabrovo ni ìlú wa. Àwọn ará ìta ní ahun ni wá. Wọ́n ní a máa ń gé ìrù ológbò kí ilẹ̀kùn lè tètè padé lẹ́yìn rẹ̀, kí ooru má baà jáde. A kì í jiyàn. Àwa gan-an la máa ń sọ ọ́ fún àlejò, a ó sì bu rakíà, ọtí èso líle wa, tí a ti bomi là fún un.

Lefa ni owó ilẹ̀ wa; márùn-ún nínú rẹ̀ ni fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń san fún Donka ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Fún ọdún mẹ́rin, kò fi kọ́bọ̀ kún un. Lẹ́yìn náà ni ọdún 2022 dé. Òróró tó jẹ́ lefa mẹ́ta di méje. Bílíìṣì di ìlọ́po méjì, àpò ara rẹ̀ ló sì fi ń rà á. Ti igi ìdáná ló burú jù. Ẹni tó ń ta igi fún un ní òun á bá a tọ́jú ẹrù kan títí di ìdajì oṣù kẹwàá. Tó bá kọjá ìyẹn, òun á tà á fún ẹni tówó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Pẹ̀lú lefa márùn-ún, ẹrù igi náà kò ṣeé rà. Pẹ̀lú lefa mẹ́jọ, ó ṣeé rà. Ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó lè là á lẹ́nu. Ó kan ilẹ̀kùn Ìyáàfin Kuneva, olórí ìloro wa, tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì.

“Ẹ kú ilé, mà. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni.”

“Tó bá jẹ́ gílóòbù àjà kẹta ni, mo ti mọ̀.”

“Kì í ṣe gílóòbù. Owó ni, mà.”

“Owó ta?”

“Tèmi. Mo fẹ́ kó di mẹ́jọ. Láti oṣù kẹwàá.”

Ìyáàfin Kuneva gbé gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀, ó wò ó dáadáa, bí ẹni tó ń wo ìwé ọmọ tó jí ìdáhùn wò.

“Mẹ́jọ. Ó dáa. Kọ ọ́ sílẹ̀, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Èmi nìkan kọ́ ni mo nilé.”

Donka kọ ọ́. Bébà tó já láti inú ìwé ọmọ ilé ìwé, ìkọ̀wé tó dọ́gba bí ìránṣọ. Ó bẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kọ mẹ́ta, ọ̀kan fún ìloro kọ̀ọ̀kan, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ara gíláàsì ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kejì ó wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lẹ́yìn òkè, bó ti ń ṣe ní gbogbo ìparí oṣù kẹsàn-án, láti bá a sun tàtàṣé tí wọn yóò fi pamọ́ de ìgbà òtútù. Ọjọ́ mẹ́wàá. Fóònù kì í wọlé níbẹ̀. Ìyáàfin Kuneva nìkan ló sọ fún.

Ara gíláàsì yẹn ni gbogbo ìkéde wa máa ń wà. Ọjọ́ tí omi kò ní yọ. Ìpàdé. Òkú. Ti òkú ló pọ̀ jù: àwòrán, àgbélébùú, orúkọ. Ìrántí ogójì ọjọ́, ti oṣù mẹ́fà, ti ọdún kan. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ ya ìkéde òkú. Òjò ló ń yọ ọ́. Kò sì sẹ́ni tó ń kà á dópin. A ó rí àwòrán, a ó rí orúkọ, a ó ṣe àmì àgbélébùú sí àyà, a ó wọlé.

Bàbá Krastyo ló kọ́kọ́ dúró níwájú ìwé Donka. Àjà kejì ló ń gbé. Ayàwòrán ẹ̀rọ ni nígbà iṣẹ́, òun náà ló sì máa ń kọ ìwé ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé iṣẹ́ wọn láyé ìjọsí. Ó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀fẹ̀ kò fẹ̀yìn tì.

“Mẹ́jọ,” ló wí. “Fún mẹ́jọ, ó yẹ kó máa pọ̀n mí gòkè.”

A rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ẹ rí i pé ó kọ ‘ẹ jọ̀ọ́’ lẹ́ẹ̀mẹta?” Siyana ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́ ìyá tó wà lájà karùn-ún, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. “Lefa kan fún ‘ẹ jọ̀ọ́’ kan. Ó pé mẹ́ta.”

A tún rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an dùn ju ti Bàbá Krastyo lọ, mo sì rò pé ohun tó ká a lára nìyẹn tó fi wọlé lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ó pè mí wá wò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi. Igun dúdú yí bébà ká, àgbélébùú lókè, gẹ́gẹ́ bí ti ojúlówó. Àwòrán Donka láàárín: èyí tí a yà ní ọjọ́ àwọn obìnrin lóṣù kẹta, nígbà tí a fún un ní òdòdó pupa kan àti ṣokoléètì. Ó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó di òdòdó náà mú bí ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé òdòdó sí. Lábẹ́ rẹ̀, Bàbá Krastyo kọ pé: *Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn la fi ń kéde fún ará, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò pé Donka Mineva fi wá sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá.* Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké: *Donka oní-lefa-márùn-ún ni o. Ti oní-lefa-mẹ́jọ, a ò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn ará ilé tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀.*

“Kí ló kù?” ló bi mí.

“Orúkọ,” mo ní. “Ó kéré. Ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i.”

Ó fẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní mẹ́ta. Ó ní ẹ̀fẹ̀ tó dára kì í gbé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, ó sì lọ lẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sórí ìwé tí Donka fọwọ́ kọ gan-an. Ní Ìloro Kejì a ti mọ̀ ọ́n. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Ìyáàfin Kuneva náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kò bójú mu, ó sì yà á sínú fóònù rẹ̀.

Ní Ìloro Kìíní àti Ìkẹta, wọ́n rí àwòrán, wọ́n rí orúkọ.

“Ọlọ́run á dárí jì í,” ni wọ́n ń wí, tí wọ́n ń wọlé. “Kò tilẹ̀ ṣàìsàn.”

Ẹnì kan so òdòdó méjì mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Méjì. Ẹni tó wà láàyè, ọ̀kan là ń fún un, tàbí mẹ́ta. Méjì-méjì, ti òkú ni. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún ilẹ̀ ti ń dọ̀tí. Òkú kò lè fọ àtẹ̀gùn. Olórí ìloro méjèèjì sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n wá obìnrin kan, wọ́n fọwọ́ sí ìwé ọdún kan.

Donka dé ní ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú ọwọ́ tó ti pọ́n nítorí tàtàṣé. Ìloro Kìíní ló kọ́kọ́ lọ. Bàbá àgbà kan tó ń jẹ́ Nacho jókòó lórí bẹ́ńṣì níwájú ibẹ̀. Ó rí i, ó ṣe àmì àgbélébùú.

“Ṣé ìwọ kọ́ lo kú ni?”

“Ta ló kú, Bàbá Nacho?”

“Ìwọ náà ni. Ó wà lára ilẹ̀kùn.”

Ó lọ wò ó. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó fi dé ibi lẹ́tà kéékèèké. Nínú gbogbo ìloro yẹn, òun nìkan ló kà á tán. Bàbá Nacho ló sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ńṣe ló ń fi èékánná họ etí bébà náà, tó sì tún ń fa ọwọ́ padà.

Ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin kan jáde, kò tíì pé ogójì ọdún, ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́ rẹ̀, mọ́ọ̀pù tuntun.

“Ẹ rọra, mà. Ilẹ̀ ṣì tutù.”

“Ta ni ẹ̀yin?”

“Iliyana. Èmi ni mò ń tọ́jú ibí.”

“Èmi ni mò ń tọ́jú ibí.”

Iliyana wo ilẹ̀kùn. Ó wo Donka. Ó tún wo ilẹ̀kùn.

“Wọ́n ní ẹ ti kú, mà. Ẹ má bínú.”

“Èló ni wọ́n ń san fún yín?”

“Mẹ́sàn-án.”

“Ta ló dá mẹ́sàn-án?”

“Èmi ni. Wọ́n ní èló, mo ní mẹ́sàn-án. Wọ́n ní ó dáa.”

Donka pe olórí Ìloro Kìíní níbẹ̀, lórí ìdúró. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, Todev, tí kì í gbé ohùn sókè.

“Àǹtí Donka. Inú wa dùn gan-an pé ẹ ò kú. Ìyàwó mi sunkún o.”

“Ẹ ṣé. Ìloro mi ńkọ́?”

“A ti fọwọ́ síwèé. Ọdún kan ni.”

“Mẹ́jọ ni mo ní kẹ́ ẹ san. Ẹ ń san mẹ́sàn-án fún un.”

“Àǹtí, tiyín yàtọ̀. Márùn-ún la mọ̀ yín mọ́. Ká sọ tòótọ́, mẹ́jọ yẹn dùn wá. Ó dà bíi pé ẹ fẹ́ rẹ́ wa jẹ. Ẹni tuntun, kí la fẹ́ sọ? Iye tó dá náà nìyẹn.”

Todev kì í purọ́. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ní Ìloro Kẹta, ìdáhùn kan náà. Ó wá ku tiwa.

Ìpàdé wa bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. A kò ní gbọ̀ngàn. Orí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ la máa ń jókòó sí, oníkálukú pẹ̀lú tìmùtìmù rẹ̀, nítorí òtútù sìmẹ́ǹtì. Donka dúró nísàlẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gbójú sókè wò wá. Ìyáàfin Kuneva dúró lókè pẹ̀lú ìwé.

Bàbá Krastyo ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Donka, ẹ̀fẹ̀ ni o. O mọ̀ mí. Wọ́n sì ní ẹni tí wọ́n bá kéde ikú rẹ̀ tí kò kú, ẹ̀mí rẹ̀ á gùn. Ìwọ ló yẹ kó sanwó fún mi.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀mí gígùn,” ni Donka wí. “Ṣé òun ni kí n fi dáná, Bàbá Krastyo?”

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kò tètè dákẹ́. Wọ́n rò pé òun náà ń ṣẹ̀fẹ̀ ni.

“Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ara wa,” ni Ìyáàfin Kuneva wí. “Donka, kí lo fẹ́ bá wa sọ?”

“Mẹ́jọ ni mo kọ, mà. Mo mọ̀ pé… Ẹ fún mi ní méje. Ìdajì oṣù ti sún mọ́lé, ẹni tó ń ta igi kò ní dúró dè mí.”

“Ṣé o rí i, mo ti rò ó. Tẹ́lẹ̀, ìloro mẹ́ta lò ń fọ̀. Ó pọ̀ fún ọjọ́ orí rẹ. Ní báyìí, ọ̀kan ló kù. Ara rẹ á fúyẹ́, àsìkò á wà. Mo wò ó pé ká fi í sí márùn-ún, bó ṣe wà, kó o wá máa fi fèrèsé àtẹ̀gùn kún un.”

“Iliyana ń gba mẹ́sàn-án lọ́hùn-ún,” ni Siyana wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ kó tó parí rẹ̀.

Ìyáàfin Kuneva yíjú sí i. “Ṣé ìwọ fẹ́ san mẹ́sàn-án?”

Siyana tún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀n. Ọmọ náà kò sunkún, ọ̀já kò sì tú.

“Tó bá kọ̀ ọ́ ńkọ́?” ni Bàbá Krastyo bèèrè. Kì í ṣe Donka ló bi. Ìyáàfin Kuneva ló bi, bí ẹni pé Donka kò sí níbẹ̀.

“Ibo ló fẹ́ lọ?”

Kò fi inú burúkú sọ ọ́. Bí ẹni tó ń ka ìdáhùn ìṣirò ni. Gbogbo wa mọ ìdáhùn náà, Donka náà mọ̀ ọ́n. Ìloro kan ló kù fún un ní gbogbo ayé, àwa la sì wà nínú rẹ̀, lórí tìmùtìmù.

“Àwọn tó fara mọ́ márùn-ún pẹ̀lú fèrèsé?”

Ọwọ́ gòkè. Ti Bàbá Krastyo ló kọ́kọ́ lọ. Ti àjà kìíní. Ti àjà kẹfà, tí wọ́n ń ṣe kánkán nítorí oúnjẹ tó wà lórí iná. Siyana gbé tiẹ̀ sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ họ orí. Mo gbé tèmi. Donka ń wo ọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé orí tèmi, ó dúró díẹ̀, ó kọjá.

“Àwọn tí kò fara mọ́ ọn?”

Kò sí.

Ìyáàfin Kuneva kọ ọ́ sínú ìwé. Ó bi Donka bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ni Donka wí. Ó ti tẹ̀ ba, ó ń fún àkísà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Omi inú rẹ̀ kò rú ooru. “Ẹ bá mi ní kí wọ́n dìde. Orí iṣẹ́ mi ni wọ́n jókòó sí.”