Ọjọ́ Tí Kóòṣì Amẹ́ríkà Bèèrè Ọjọ́ Orí Mi

Òórùn èèpo obì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní pápá tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà, lójú ọ̀nà tó ti Ṣágámù lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Àwọn ìyá kan ní àtíbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà tí wọ́n ti ń bó obì. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á da èèpo rẹ̀ sẹ́yìn góòlù, òjò á pa á, oòrùn á pa á, òórùn kíkan bíi ti omi ògì àná á sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ọ̀rẹ́ mi, bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn lónìí, mo ṣì máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ pa àgbọ̀n mi wò kí n tó rántí pé mo ti dàgbà, pé kò sẹ́ni tó ń bi mí ní ohunkóhun mọ́.

Ìwọ náà mọ̀ pé agbábọ́ọ̀lù ní ọjọ́ orí méjì nílẹ̀ wa: ti ilé àti ti pápá. Ti ilé ni ìyá ẹni mọ̀, ti pápá ni alága ẹgbẹ́ máa ń bá èèyàn ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nílé nígbà náà. Ní pápá, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, mo sì ní ìwé ìbúra kóòtù tó sọ bẹ́ẹ̀. Kóòṣì kan ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, yóò mú ẹni méjì lọ sí yunifásítì tó ti ń kọ́ni ní bọ́ọ̀lù, wọn yóò sì kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó ju ọdún mọ́kàndínlógún lọ nínú wọn. Alága wa ló gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́. "Pa ẹnu ẹ mọ́," ó ní, "kó o sì máa fá irùngbọ̀n ẹ." Àràárọ̀ ni mo ń fá a, àgbọ̀n mi sì kún fún egbò.

Kóòṣì náà dé. Ọkùnrin gíga ni, irun rẹ̀ ti funfun, ó sì máa ń fi báńdéèjì di orúnkún rẹ̀ kan. Kì í jágbe mọ́ni. "Ẹ káàárọ̀" nìkan ló mọ̀ nínú èdè wa, ó sì ń kí i títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Èmi ni mo di ògbufọ̀ rẹ̀, nítorí mo ti lo ọdún méjì ní pólì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo sọ fún un pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ni. Gbogbo ìgbà tó bá yin Gẹ̀ẹ́sì mi ni mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Irú ìyìn wo nìyẹn, tó ń fa èèyàn lọ sẹ́nu kìnnìún?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò lé wa wọ àtíbàbà àwọn ìyá olóbì. A jókòó sórí àpò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ara rẹ̀, èmi ń túmọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ṣe kóòṣì. Ọmọ wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ kọ́, lórí pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Láti ibẹ̀ ó dé ilé ẹ̀kọ́ girama, lẹ́yìn náà yunifásítì ńlá kan gbà á, ó sì gba ife fún wọn. Àfi bí wọ́n ṣe rí i pé irọ́ wà nínú ìwé ọ̀kan lára àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Òun kò mọ̀ sí i, ṣùgbọ́n òun ló fọwọ́ sí i. Wọ́n gba ife náà padà, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló fi wa ọkọ̀ akẹ́rù kí yunifásítì kékeré kan tó dá a lóhùn. "Ibẹ̀ ni mo wà báyìí," ó ní. "Bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ó parí fún mi nìyẹn."

Gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wò mí pé kí n túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní òjò ti ń dá," ni mo sọ. Wọ́n sì dìde, wọ́n jáde sínú òjò tó ń rọ̀ yàà.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí kóòṣì dárúkọ àwọn tó mú, ó gbé páálí kan wá sáàrin pápá, ó da ẹ̀wù inú rẹ̀ sórí koríko: pupa, búlúù, funfun, aláwọ̀ ewé, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn. Ó ní kí kálukú mú ọ̀kan, ó wá jókòó sórí bọ́ọ̀lù, ó ń wò wá. Ẹnikẹ́ni kò mira. Ta ni yóò fọwọ́ kan nǹkan pínpín kí àgbà tó mú? Láti ilé ni wọ́n ti kọ́ wa, alága kò sì rántí sọ fún wa pé kí á gbàgbé rẹ̀. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Balógun ikọ̀ wa, tí ìwé tirẹ̀ sọ pé ó fi ọdún kan jù mí lọ, tẹrí ba díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú."

Mo ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́, ó rò pé ojú ń tì mí ni. "Ẹ̀yin ẹ mú ná," mo ní. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ọmọ Ìlárá kan tó ń gbá ẹ̀yìn ní, "Ha, bọ̀ọ̀dá! Kí àwa mú ṣáájú yín kẹ̀? Ẹ fẹ́ kí màámi lù mí ni?" Mo nawọ́, mo mú funfun. Balógun mú tẹ̀lé mi, ẹni tó kàn mú, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń mú un lọ títí tó fi kan àwọn méjì tó kéré jù, láìsí ariwo. Kóòṣì yọ ìwé pélébé kan nínú àpò, ó ń kọ bí a ṣe ń mú un tẹ̀lé ara wa sílẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tíì pé oṣù mẹ́ta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìwé kóòtù mi wà lórí itan rẹ̀. Ìyá mi ti sọ fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa, wọ́n ti gbàdúrà, ó tiẹ̀ ti ra báàgì ìrìn àjò. Alága sì ti kìlọ̀ pé bí mo bá tú àṣírí, kí òun má rí mi ní pápá mọ́. Mo ti to irọ́ mẹ́ta sílẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí mo dé ni mo ti ń wo bí ẹ ṣe ń pín búrẹ́dì," ó ní. "Ìwọ ni wọ́n máa ń dúró dè, bíi tàná níbi ẹ̀wù. Ó lè má túmọ̀ sí nǹkan kan, mi ò mọ ilé yín tó bẹ́ẹ̀." Ó ṣí bíró. "Ìwọ ni mo fẹ́ mú jù. Sọ fún mi pé òótọ́ ló wà nínú ìwé yìí, màá fọwọ́ sí i. Mi ò ní bi ẹlòmíràn mọ́."

Mo ti múra sílẹ̀ de ìbínú, mo ti múra sílẹ̀ de ọlọ́pàá. Mi ò múra sílẹ̀ de èyí. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo rí i pé bíró náà ń gbọ̀n. Ẹ̀rù ń ba òun náà! "Bẹ́ẹ̀ ni" péré, mo ti wọ ọkọ̀ òfuurufú.

"Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, sà," ni mo wí. "Ẹ má fọwọ́ sí i."

Ó dé bíró náà, ó ká ìwé kóòtù náà sí méjì. "O ṣeun," ó ní. Àwọn méjì tó mú ẹ̀wù kẹ́yìn ló mú lọ, nígbà tí àwọn ìyá wọn gbé ìwé ìrìbọmi wọn wá láti ṣọ́ọ̀ṣì. Alága lé mi ní pápá bó ṣe ṣèlérí. Ìyá mi ti báàgì náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Ìsinmi.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù ní Òde Rẹ́mọ báyìí. Ọ̀kan nínú àwọn tó lọ yẹn sọ fún mi pé kóòṣì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, pé orúnkún rẹ̀ ló kàn ń dà á láàmú. Ṣé ó dùn mí pé mi ò lọ? Ó dùn mí gan-an, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn gbé iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì ń gbọ̀n bó ṣe ń gbé e lé mi. Láti ìgbà náà, mi ò tíì rí ohun tó ń bà mí lẹ́rù tó ẹni tó bá sọ pé òun fọkàn tán mi.