Máfọwọ́kàn-án àti Fèrèsé Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: èmi kì í ní sùúrù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń ṣe gíláàsì ládùúgbò wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ẹ̀mí lára mi. Máfọwọ́kàn-án la máa ń pè é. Bó bá ti fi gíláàsì tuntun sójú fèrèsé tán, tó fi pọ́tì rírọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi yíká, ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ kó tó lọ ni: "Ẹ má fọwọ́ kàn án o, kò tíì gbẹ." Ó parí. Kò béèrè àlàáfíà, kò dágbére.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ọkùnrin yìí nídìí iṣẹ́! Á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ we gíláàsì, á gbé e mọ́ àyà, á máa fẹ̀gbẹ́ rìn lójú títì bí ẹni tó gbé ọmọ jòjòló. Pẹ́ńsù á wà létí, tépù á wà lọ́rùn. Bó bá fẹ́ gé e, á mí kanlẹ̀, á fi ọ̀bẹ gíláàsì fa ilà kan, á fi ìka kàn án pẹ́, gíláàsì á sì pín sí méjì wẹ́rẹ́. Á wá máa bá a sọ̀rọ̀: "O ṣeun, ọmọ dáadáa." Gíláàsì ló ń kí o! Èmi tí mo gbé omi tútù dúró tì í, orí lásán ló mì sí mi.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ti pẹ́. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà ti kú, ó ti pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni mo ń bá gbé, aránṣọ ni. Nígbà àkọ́kọ́ tí Máfọwọ́kàn-án wá sílé wa, òótọ́ ni fèrèsé pálọ̀ fọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbá ilé aláǹtakùn kúrò lókè ni igi ìgbálẹ̀ bá gbá a. Ọkùnrin náà ṣe é, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi dúró síwájú fèrèsé yẹn pẹ́, ó ní, "Ọwọ́ ọkùnrin yìí mọ́ o." Mo ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lóòótọ́. N kò ro nǹkan kan.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni gíláàsì ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í ya wèrè. Fèrèsé ilé ìdáná fọ́. Ọmọrí ìkòkò ni ẹ̀gbọ́n mi ní ó fò lọ bá a. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù àwo fọ́. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń mì tìtì. Nígbà tó wá kan gíláàsì ojú aago tó wà lókè téńté lára ògiri, mo káwọ́ lérí. Ọmọrí wo ló tún fò débẹ̀? Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀. Ó ti lé tìróò! Àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ! Ẹ̀rín pa mí, mo di inú mú, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọkùnrin yẹn ńkọ́? Òun náà, nǹkan ti ń ṣe é. Iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe kíá, ó di ohun tó ń fi odindi òwúrọ̀ ṣe. Á fi àtàǹpàkò tẹ́ pọ́tì, á ha á kúrò, á tún un tẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ wá síbi iṣẹ́. Ẹ sọ fún mi, ta ló ń lọ aṣọ nítorí pọ́tì? Àmọ́ kó la ẹnu, ó di èèwọ̀. Inú bí mi débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n fún un ní ìgbátí.

Ibẹ̀ la wà tí àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi fi tẹ̀ wá láago. "Màámi, kí ló dé tí nǹkan ń fọ́ nílé yín báyìí? Ó ti sú mi. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀ wá yọ gbogbo fèrèsé yẹn. Alùmíníọ́ọ̀mù la máa fi síbẹ̀, pẹ̀lú gíláàsì tí òkúta gan-an ò lè fọ́."

Ọmọ tó dáa, àbí? Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ṣeun, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún ọkùnrin náà fúnra yín."

"Èmi? Kí n lọ kọnu ìfẹ́ sí ọkùnrin? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Bí kò bá sọ ọ́ kí ọjọ́ Ajé tó dé, ó tán nìyẹn. Kí ló tún máa wá ṣe níbí?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. N ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, fèrèsé yàrá ẹ̀gbọ́n mi fọ́. Ẹ má bi mí bó ṣe fọ́. Fèrèsé yẹn kì í ṣí, gíláàsì kan gbàǹgbà ni, ó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Máfọwọ́kàn-án dé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, lọ́fínńdà ń ta sánsán lára rẹ̀. Ó dúró síta, ó gbé gíláàsì sójú fèrèsé, ó fi pọ́tì lẹ̀ ẹ́, ó nù ún títí ó fi ń dán. Ìṣó wẹ́wẹ́ tó máa fi há a ló kù. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá, à ń wò ó.

Kò kan ìṣó. Ó kàn dúró. Oòrùn ń ràn sí gíláàsì láti ìta, kò sí ohun tó lè rí níbẹ̀ ju ojú ara rẹ̀ lọ. Ó tún kọ́là ṣe. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ìyẹn ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó rẹ́rìn-ín mìíràn. Ó tẹrí ba. Ẹnu rẹ̀ wá ń lọ wuyẹ́wuyẹ́, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó mi orí pé rárá, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń fi gíláàsì jẹun látìgbà èwe, ó gbàgbé pé ẹni tó wà nínú ilé ń rí òun kedere!

Mo ti ki etí aṣọ bọ ẹnu kí n má baà bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló ń wí?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

Mo ní n ò gbọ́, ẹ̀rọ amúnáwá ará ilé kejì ń pariwo. Bó ṣe dìde nìyẹn. Mo rò pé ẹnu ọ̀nà ló ń lọ. Ẹ gbà mí! Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ló fi ti gíláàsì náà. Pọ́tì rírọ̀ já, gíláàsì yọ síta lódindi, Máfọwọ́kàn-án sì gbá a mú mọ́ àyà. Ọwọ́ rẹ̀ ò lè máa wo gíláàsì kó ṣubú. Wọ́n wá ṣe ojú kojú. Kò lè sá, kò lè fọwọ́ bojú.

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Òógùn bò ó. "Ẹ̀yin ni."

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. Gbogbo ohun tó ti kọ́ sórí ti fò lọ. "Ilé mi dákẹ́ jù," ló wí. "Mo fẹ́ràn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fẹ́ra wa. Apá ti ń ro mí."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún, ó tún bú sẹ́rìn-ín. "Mo gbà. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbà. Ẹ gbé nǹkan yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ gba iwájú wọlé."

Èmi ni mo pariwo jù! Mo ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì bí ọmọdé.

Ọkùnrin náà ò tíì jókòó dáadáa tí ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ ọmọ rẹ̀ láago pé kí àwọn alálùmíníọ́ọ̀mù má wulẹ̀ wá mọ́. Ọmọ ní, "Ṣé ẹ ti rí òṣìṣẹ́ mìíràn ni?"

"Rárá o," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "ọkọ ni mo rí."