Ìka Ọmọ Mi Lálẹ́ Ìrékọjá

Òórùn àlùbọ́sà díndín ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà baba Júù tí mò ń tọ́jú ní South Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ti ògiri tútù tó tẹ̀ lé e. Mi ò tíì pẹ́ tí mo ti Ìjẹ̀bú dé nígbà náà. Baba ní kí n mú ọmọbìnrin mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iléèwé, wá jẹun àjọ Ìrékọjá lọ́dọ̀ òun, torí ọmọdé ló máa ń béèrè ìbéèrè nídìí oúnjẹ náà, àwọn ọmọ-ọmọ tirẹ̀ sì jìnnà.

Mo sọ fún onílé wa, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tí à ń pè ní Uncle. Rọ́ṣíà ló ti kàwé gboyè, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kì í fi ìwé gbè lẹ́sẹ̀.

“Ṣé o fẹ́ lose ọmọ ẹ ni? Ẹ̀jẹ̀ ọmọdé ni wọ́n fi ń po búrẹ́dì àjọ yẹn.”

“Uncle, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?”

“Àwọn professor ló kọ ọ́! Mo kà á ní library ní Rọ́ṣíà. Kì í ṣe WhatsApp o.”

Ká ní ẹnu lásán ni, ǹ bá fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀mọ̀wé ló ń sọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin yìí kan náà ló sì ti sọ fún mi rí pé nínú ọkọ̀ ojú irin ní Rọ́ṣíà, obìnrin kan já ọmọ rẹ̀ gbà kúrò nítòsí òun, ó ní ènìyàn dúdú ń jẹ ènìyàn. Omi lé sí i lójú lọ́jọ́ tó sọ ọ́.

Mo mú ọmọ lọ, ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lára baba. Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀bẹ ọ̀tọ̀ ló ń lò lónìí? Kí ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó fi téèpù lẹ̀ pa? Ó rí mi níbi tí mo ti ń wò ó.

“Búrẹ́dì ojoojúmọ́ ló wà níbẹ̀. A kì í jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, a kì í sì í lo ọ̀bẹ tí a fi ń gé e.”

Ó ń fọ́ ẹyin sínú ife gíláàsì, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ọ̀kan ní ẹ̀jẹ̀ bíńtín, ó dà á nù. Ó ní àwọn kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ẹ̀jẹ̀.

“Àwa Mùsùlùmí náà,” ni mo fèsì. Ìgbà yẹn ni mo tó mí dáadáa.

“Irọ́ pé à ń fi ẹ̀jẹ̀ ọmọdé ṣe búrẹ́dì ló lé bàbá bàbá mi kúrò ní Rọ́ṣíà,” baba wí, bíi pé ó mọ ohun tí mò ń wá. “Ọ̀mùtí ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló kọ ọ́ sílẹ̀.”

Nídìí oúnjẹ, ọmọ mi béèrè ìbéèrè rẹ̀, inú baba dùn dọ́ba. Nígbà tí a dé ibi ìyà tó jẹ àwọn ará Íjíbítì, gbogbo wa ti ìka bọ ife, a ń kán an sórí àwo, kí ayọ̀ wa má bàa kún nígbà tí ẹlòmíràn ń jìyà. Wáìnì wà nínú ife tirẹ̀. Omi èso àjàrà pupa ló bù fún àwa.

Nígbà tí a padà délé, Uncle ti dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Kò kí wa, ọwọ́ ọmọ ló gbá mú, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀. Orí ìka náà pupa.

“Mo wí bẹ́ẹ̀! Wọ́n ti gún un!”

Ọmọ mi ki ìka bọ ẹnu, ó fà á mu, ó sì nà án sí i. “Uncle, juice ni.”

Ìka náà mọ́ tónítóní. Síbẹ̀, Uncle tan iná fóònù rẹ̀ sí i, ó ń wá ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún un. Mo rántí obìnrin inú ọkọ̀ ojú irin, inú bí mi sí Uncle, àánú rẹ̀ sì tún ṣe mí. Ìgbà náà ló yé mi pé ẹni tí ìfura jẹ níyà lánàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè di ìránṣẹ́ rẹ̀ lónìí, pàápàá bí ìwé bá ti bá a fọwọ́ sí i. Mo já ọwọ́ ọmọ mi gbà lọ́wọ́ Uncle, a sì wọlé.