Ṣùkú Tí Bàbá Mi Dì fún Mi ní Creek Road

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Ajégúnlẹ̀ tí wọ́n bí mi sí, ó ṣòro kí n tó rí bàbá àti ìyá mi papọ̀ nínú yàrá kan. Kì í ṣe pé wọ́n ń jà o. Iṣẹ́ ni. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹja tútù sínú páálí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti máa ń jáde. Bàbá mi ń wa tírélà. Ọkọ̀ wọn lè wà lórí ìlà ọkọ̀ ní Creek Road fún ọjọ́ méjì kí ó tó wọ wáàfù, ìyẹn èbúté, lọ gbẹ́rù. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé àdúgbò wa ni, ìró bàtà wọn la fi ń mọ̀ pé wọ́n ti dé.

Ọ̀sán Sọ́ńdè ni tèmi nínú àkókò ìyá mi. Wọn a fi mí sáàárín ẹsẹ̀, wọn a máa di irun mi, èmi náà a máa ro gbogbo ẹjọ́ ọ̀sẹ̀ náà. Àmọ́ ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹja wá dé léraléra. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá mi kò fi rí Sọ́ńdè kankan fi sinmi. Irun mi di igbó. Ní ọjọ́ Jímọ̀, olùkọ́ mi dá mi padà sílé. Wọ́n ní ṣùkú ni gbogbo ọmọbìnrin máa dì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí mi ò bá ti dì í kí n má wulẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀, Mọ́ńdè ni ìdánwò ìparí ọdún máa bẹ̀rẹ̀. Onídìrí àdúgbò wa sì ti lọ sí ìlú wọn.

Ìyá mi gbọ́, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní iṣẹ́ wà ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Bàbá mi, tí wọ́n kàn yà wálé wá wẹ̀, ló dáhùn.

"Fi sílẹ̀ fún mi. Mo máa mú un dání lọ́la, mà á dì í."

"Kí lẹ fẹ́ fi dì í?"

"Ọwọ́ mi."

Báyìí ni mo ṣe bá ara mi nínú tírélà lórí ìlà Creek Road láàárọ̀ Sátidé, tí orí mi wà láàárín orúnkún bàbá mi. Ọwọ́ tí wọ́n ti fi ń so tapólì mọ́ ẹrù láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n fi gbá irun mi mú. Omi bọ́ lójú mi. Dẹ́rẹ́bà kan yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé tapólì lẹ̀ ń dì ni?" Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ àgbà dẹ́rẹ́bà kan láàárín wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyàwó àwọn máa ń fi ìpara pa irun kó tó dì í, wọ́n sì lọ mú ìpara tiwọn wá.

Ìlàjì orí mi ni wọ́n dì tán tí ìlà fi sún. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé wọ wáàfù, bí bàbá mi bá sì pàdánù àyè yẹn, ó di ọjọ́ mìíràn. Wọ́n fà mí lé ìyá ẹlẹ́wà kan tí wọ́n mọ̀ lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ní, "Mò ń bọ̀."

Mo jókòó títí oòrùn fi yí. Ìyá ẹlẹ́wà ní kí àwọn bá mi parí irun náà. Mo kọ̀. "Bàbá mi ní àwọn ń bọ̀." Wọ́n bu ẹ̀wà fún mi. Mo ń wo ojú títì ṣáá, torí bàbá mi ti sọ bẹ́ẹ̀ rí tí a ò rí wọn di ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo rí wọn tí wọ́n ń sáré bọ̀ láìsí ọkọ̀. Àgbà dẹ́rẹ́bà yẹn ló ní àwọn á bá wọn dúró ti ọkọ̀ tí wọ́n ń gbẹ́rù sí. Orí bẹ́ǹṣì ẹlẹ́wà ni bàbá mi ti parí irun mi, apá kejì sì gún ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí ìyá mi dé, wọ́n yí orí mi sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà wọ́n fi mí sáàárín ẹsẹ̀ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí irun tí wọ́n fẹ́ dì mọ́, wọ́n ní, "Ó yá, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí?" Ní Mọ́ńdè, olùkọ́ mi béèrè ẹni tó di irun náà. Mo ní bàbá mi ni. Wọ́n pe àwọn olùkọ́ yòókù wá wò ó, wọ́n sì ní kí n wọlé lọ ṣe ìdánwò mi.

Ẹ̀yin ọmọ, ayé ti yí padà. Èmi náà ti di òbí. Mọ́tò iléèwé ń gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà, mo sì lè rí ojú àwọn ọmọ mi lórí fóònù láti ibi iṣẹ́. Síbẹ̀, àyè ò yọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi wá bá mi nídìí kọ̀ǹpútà, ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan fún mi. Mo ní kó fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń ṣàwàdà ni. Ojú tì mí. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo ní kó jókòó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn gan-an, kò sì lórí kò nídìí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ tán.